Mo Sọ Fún Un Pé Mo Ti Tẹ Bọ́tìnì Náà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, n kò ní sọ orúkọ mi. Ẹ máa pè mí ní Ìyá Tómi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ mi kì í jẹ́ Tómi. Mpape ni a ń gbé ní Àbújá níbí, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn ní àdúgbò wa. Láti ìgbà tí mo ti pinnu pé n óò kọ èyí, gbogbo ẹni tí mo bá rí tó mú fóònù lọ́wọ́ ni mo ń wò bí ẹni pé òun ló máa kà á fún ọkọ mi.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sínú. Irọ́ kan ni mo pa, irọ́ náà sì mú kí ọkọ mi gbà pé ọwọ́ òun ti kú. Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí ni pé Sátidé tó ń bọ̀ ló fẹ́ fi ìlù rẹ̀ ta àwọn ẹlòmíràn lọ́rẹ. Kó tó fi í sílẹ̀, ó fẹ́ kí èmi àti òun jókòó gbọ́ ohùn ìlù tí mo bà jẹ́ yẹn. Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Onílù ni ọkọ mi. Dírọ́ọ̀mù ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lù, èyí tí onílù máa ń jókòó sáàárín rẹ̀, tí yóò máa lo ọwọ́, tí yóò máa lo ẹsẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ ló bá wá sí Àbújá, Apo ló ti ń ṣe é títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà náà, bí ẹ bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, onílù ni yóò kọ́kọ́ sọ, kó tó wá rántí pé òun ń tún ọkọ̀ ṣe.

Ilé oníyàrá méjì la ń gbé. Yàrá inú la fi ṣe ibi tí a ti ń gba ohùn ìlù. A fi tìmùtìmù àtijọ́ méjì ti ògiri, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, a tẹ́ rọ́ọ̀gì tí Màlámà Hauwa, aládùúgbò wa, fẹ́ dà nù sábẹ́ ìlù. Máìkì mẹ́rin la ní, olówó pọ́ọ́kú ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ti ṣubú tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé téèpù la fi dì í lọ́rùn. Èyí tó wà lókè orí ọkọ mi, igi mọ́ọ̀pù la so ó mọ́. Àpótí kékeré oníhò mẹ́rin kan ló so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká wa. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í ní pálọ̀, pẹ̀lú íápíìsì ńlá létí, bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú.

Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan la máa ń gba ohùn. Ẹni tó bá mọ Mpape á ti mọ ìdí rẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n máa ń fọ́ òkúta lórí òkè, tí ilẹ̀ yóò máa mì, tí máìkì yóò sì máa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di àsìkò ìrun Jímọ̀, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Ọkọ mi á gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, á sáré wálé, a ó sì ki gbogbo iṣẹ́ wa bọ inú ìdákẹ́jẹ́ náà. Ẹ má rò pé a kò láyọ̀ nígbà náà. A láyọ̀ gan-an.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí, ẹ jọ̀ọ́, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Ìlù kékeré kan wà níwájú onílù tí wọ́n ń pè ní sínẹ́à. Ọwọ́ òsì ló máa ń lù ú jù, òun ló sì máa ń ké "kà!" láàárín orin. Máìkì méjì la fi sí i, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí igi bá ba awọ, awọ á sá kúrò lọ́dọ̀ máìkì òkè, á sún mọ́ ti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá da ohùn méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa pa ara wọn, bí ìgbà tí ẹni méjì bá ń ti ilẹ̀kùn kan, ọ̀kan láti inú, ọ̀kan láti ìta. Ìlù náà á wá máa dún féérẹ́ bí agolo. Bọ́tìnì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà, àmì róbótó tí wọ́n fi ìlà dá bùú, tí a máa ń tẹ̀ láti yí ohùn ti ìsàlẹ̀ padà. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn méjèèjì á jọ máa ti ilẹ̀kùn sí apá kan, ohùn ìlù á sì kún.

Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kọ́ mi. Ọkọ mi ò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé bọ́tìnì kan wà, ó sì mọ̀ pé èmi ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ti tó o.

Nígbà tó yá, ọ̀kadà gbé e ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mpape. Ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi fọwọ́ kan igi ìlù. Nígbà tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi dì í, dókítà ní ó ti jinná pátápátá, pé kó máa lò ó. Ó ń lò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i tó ń ká a, tó ń nà á, tó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ti purọ́ fún un rí.

Àsìkò yẹn gan-an ni Bùnmi dé.

Akọrin obìnrin ni Bùnmi. Apo ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń dánrawò, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi. Wọ́n fẹ́ rin ìrìn àjò orin kiri ọ̀pọ̀ ìlú fún bí ọdún kan, wọ́n ń wá onílù tí yóò bá wọn lọ. Bùnmi ní kí ọkọ mi lu orin mẹ́ta, kí ó gba ohùn rẹ̀ nílé, kí ó fi ránṣẹ́. Wọ́n fẹ́ gbọ́ bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ bá mi ro ó. Ọkùnrin tí ọṣẹ nìkan tó fún láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fín lọ́fíńdà. Ó ń da ojú fóònù dé ilẹ̀. Bí Bùnmi bá pè é, ẹ̀yìn táǹkì omi ló máa ń lọ gbà á. Bí mo bá bi í, ó ní, "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, o máa gbọ́ tó bá yá." Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wo ni ènìyàn ò lè sọ lójú ìyàwó ẹ̀, tó jẹ́ pé ìyàwó náà ló ń gba ohùn ìlù ẹ̀?

Màlámà Hauwa tún wá da epo sí iná láìmọ̀. Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Sannu, Mama Tomi! Your oga dey happy these days o. Every time e dey laugh for back of tank. Kai!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

Èyí tó wá pa mí jù ni ti aṣọ. Àwọn onílù máa ń ki aṣọ sínú ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù, kí ohùn rẹ̀ má baà máa hó. Ìró mi àtijọ́, aláwọ̀ ewé, ló wà nínú tiwa láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ń gbálẹ̀, mo yẹ inú ìlù wò. Tèmi kò sí níbẹ̀ mọ́. Aṣọ aláwọ̀ aró kan ni mo bá, ó ń ta sánsán pàùdà.

Mo ní, "Bàbá Tómi, aṣọ ta lẹ kì sínú ìlù?"

Ó ní, "Mo rà á ní òkìrìkà. Tìẹ ti fúyẹ́ jù."

Ó ní tèmi ti fúyẹ́ jù! Mo gbé gbólóhùn yẹn kiri fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo gbóòórùn aṣọ náà títí, mo fi wé gbogbo obìnrin tí mo mọ̀. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Èmi lo oògùn náà kọjá ìwọ̀n, ó sì sọ mí di wèrè.

Mo gbà nínú ọkàn mi pé bí wọ́n bá fi lè gbọ́ ìlù yẹn, ọkọ mi lọ nìyẹn. Bùnmi á gbé e lọ, aṣọ pàùdà yẹn ló sì máa kù fún mi nílé.

Jímọ̀ àkọ́kọ́, ó lu orin kìíní. Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, ó lù ú dáadáa. Ilẹ̀ dákẹ́, òkè dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń sọ̀rọ̀. Mo wo bọ́tìnì yẹn. Mi ò tẹ̀ ẹ́.

Ó jáde wá, òógùn bò ó, ó fi íápíìsì sétí láti gbọ́. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó yí padà. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Sínẹ́à yìí ò ní ẹ̀jẹ̀ lára. Ìyá Tómi, ṣé o tẹ bọ́tìnì yẹn?"

Mo ní, "Mo ti tẹ̀ ẹ́."

Gbólóhùn kan péré. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò nígbà tí mo sọ ọ́, ohùn mi ò sì gbọ̀n.

Ó padà wọlé, ó fún awọ ìlù le sí i, ó sún máìkì síwájú, ó sún un sẹ́yìn. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohùn ò yí padà. Nígbà tó ṣe, kò wo máìkì mọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń wò.

Mo sọ fún un pé, "Bóyá ẹ ti ń lù ú jẹ́jẹ́ nítorí ìrora ni." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì ronú lọ síbẹ̀ tán, èmi ni mo fà á dé ibẹ̀.

Ó ní, "Kò dùn mí. Bí mo bá wà nínú yàrá, létí mi ó ń dún dáadáa."

Ó tún wá mi orí. Ó ní, "Inú yàrá máa ń tan onílù jẹ. Máìkì ni kì í purọ́."

Jímọ̀ mẹ́ta la fi gbìyànjú. Jímọ̀ mẹ́ta ni mo fi purọ́ kan náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ bi mí nípa bọ́tìnì mọ́. Ó bọ́ íápíìsì, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó pe Bùnmi lójú mi. Kò lọ sí ẹ̀yìn táǹkì lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ẹ wá ẹlòmíràn. Ọwọ́ mi ti rọ." Inú mi dùn. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ tún purọ́ fún ẹ̀yin náà. Inú mi dùn, mo sì se ìrẹsì alápòpọ̀ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo rò pé Bùnmi nìkan ló máa fi sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìlù lódindi ló máa fi sílẹ̀. Kò lù ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kí wọ́n má fi òun ba ìsìn jẹ́. Ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí báyìí, bí ìlù bá sì ti ń gbóná, á ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Kọ̀ǹpútà wa kú lọ́dún yẹn kan náà, mo sì dúpẹ́ nínú ọkàn mi. A kó ìlù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a fi tapólì bò ó. Orí rẹ̀ ni mo máa ń gbé agbọ̀n aṣọ lé.

Ọwọ́ òsì yẹn, kò fọkàn tán an mọ́ rárá. Ọ̀tún ló fi ń gbé garawa, ọ̀tún ló fi ń gbé ọmọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní iṣẹ́ tí kì í gbà mọ́, àfi bí ẹnìkan bá wà tó máa bá a di irin mú. Ọwọ́ tí dókítà ní ó ti jinná o.

Ní bí ọdún kan lẹ́yìn náà, mo pàdé Bùnmi ní ọjà Wuse. Mo fẹ́ yà kí n má bàa kí i, ṣùgbọ́n ó ti rí mi.

"Àǹtí mi! Long time o! Bùrọ̀dá ńkọ́? Ọwọ́ wọn ńkọ́?"

Mo ní ó wà bẹ́ẹ̀.

Ó mi orí. "Ó dùn mí gan-an, I swear. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo ti ń retí nígbà yẹn. Bùrọ̀dá ò sọ fún yín ni? Wọ́n ní bí mi ò bá mú ìyàwó àwọn lọ kó máa bójú tó ẹ̀rọ, àwọn ò lọ síbì kankan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí lórí ẹ̀. Mo ti gbà. Wọ́n ní kí n má tíì sọ fún yín títí gbogbo ẹ̀ fi máa dájú."

Mo dúró láàárín àwọn aláṣọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, o máa gbọ́ tó bá yá. Iṣẹ́ tèmi ló ń sọ.

Ó yẹ kí n lọ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo dé ilé, mo bá a tó sùn sórí àga, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lábẹ́ ara rẹ̀ bí ohun tí kò wúlò. Mo ní kí ó di ọ̀la. Ọ̀la náà ló di ọdún márùn-ún yìí.

Ti aṣọ aláwọ̀ aró yẹn, mi ò bi Bùnmi. Títí di òní n kò mọ ẹni tó ni ín. Kí n má tàn yín, mo ṣì ń rò ó nígbà mìíràn. Bí ìwà mi ṣe burú tó nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkọ mi gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ẹnìkan ní Apo lè tún un ṣe. Ó ní ìjọ kékeré kan ní Ushafa kò ní ìlù, òun fẹ́ fi ti òun ta wọ́n lọ́rẹ, Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Ó ní, "Kí wọ́n tó kó o, mo fẹ́ gbọ́ ọwọ́ mi ìkẹyìn. Jókòó tì mí bíi ti àtijọ́."

Ẹ̀rù bà mí. Kí ló dé tó jẹ́ nísinsìnyí? Ta ló bá a sọ̀rọ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Lánàá, ó bi mí pé, "Kí ló dé tó o máa ń kúrò nínú yàrá bí mo bá ti dárúkọ ìlù?" Mo ní ọbẹ̀ mi wà lórí iná. Kò sì sí nǹkan kan lórí iná. Ó wò mí. Bóyá ó ti mọ̀. Bóyá ó kàn fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ni. Ìfura tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí náà ló padà wá mú mi.

Wọ́n ti tún kọ̀ǹpútà náà ṣe. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, nígbà tí ọkọ mi wà ní Apo tí òkè sì dákẹ́ fún ìrun, mo ṣí i. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo fi íápíìsì sétí. Mo tẹ bọ́tìnì náà.

Háà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọwọ́ òsì yẹn sọ̀rọ̀ bí ọba. Gbogbo "kà!" rẹ̀ kún, ó lágbára, ó dé àyà mi. Ní ayé yìí, èmi nìkan ló tíì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo sunkún títí òkè fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo wá ṣe ohun kan tí ojú ń tì mí láti kọ. Mo tún bọ́tìnì náà tẹ̀ padà, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ kó tó di Sátidé, yóò gbọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, yóò sì bi mí pé báwo ló ṣe jẹ́. Ṣé kí n tún purọ́ mìíràn lé e? Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀, bóyá yóò gba ìlù rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá yóò gbà mí padà. Bí mo bá sì dákẹ́, wọ́n á kó ìlù lọ sí Ushafa, òun á sì bá ọwọ́ yẹn wọ ibojì láìmọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ náà. Ó ní máìkì kì í purọ́. Òótọ́ ló sọ, èmi ni mo purọ́.

Ọ̀sán Àìkú ni mo ń kọ èyí ní kíṣìnnì. Ó wà ní pálọ̀, ó ń dúró de oúnjẹ, ó sì rò pé mi ò gbọ́. Ó mú ṣíbí méjì, ó ń fi wọ́n lu etí tábìlì jẹ́jẹ́, orin kìíní yẹn náà ni. Ọwọ́ òsì ni mo ń fetí sí. Kò rọ. Kò rọ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́ fún un?